Bísápù Ọjọ́ Ọdún: Bí A Ṣe Lè Sè É Kí Ṣúgà Rẹ̀ Má Pọ̀ Jù



Ní Pàràkú, kò sí ọdún tí a kì í rí ohun mímu pupa. Bí wọ́n ń sọmọ lórúkọ, ó wà níbẹ̀. Bó bá di Iléyá, ó wà níbẹ̀. Ní Kérésìmesì, ní ọdún tuntun, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ tí a fi ń rántí òmìnira tí ilẹ̀ wa gbà ní 1960, ó wà níbẹ̀. Ní oṣù ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣínu. A ń pè é ní bísápù. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní sóbò. Ìṣápá pupa ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìṣápá funfun, ni àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Bísápù dára. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tó mú ká kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa. Wọ́n sọmọ lórúkọ nílé rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti dàgbà, ó sì ní àtọ̀gbẹ. Nílé ìwòsàn, wọ́n ti sọ fún bàbá pé kó yé mu ohun mímu dídùn inú ìgò. Bàbá gbọ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé ìgò wá, kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá náà kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife bísápù fún un, bàbá gbà á. Ó ní ohun oko ni, kì í ṣe ohun inú ìgò. Ó mu ún tán. Wọ́n tún bu òmíràn fún un, ó gbà á. Ta ló máa kọ ife lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ? Ife mẹ́ta ni bàbá mu.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, òùngbẹ ń gbẹ bàbá, omi kò tó o mu. Ó ń tọ̀ ṣáá. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ara rẹ̀ kò sì lágbára mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lórí ọ̀kadà, ènìyàn kan níwájú, ènìyàn kan lẹ́yìn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, bàbá padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Ìyá náà wá sí kíláàsì, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní: "Olùkọ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi po ohun tó fẹ́ẹ̀ pa bàbá wa."

Mo ní: "Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Báwo lẹ ṣe pò ó?"

Ó ní: "Kílò ṣúgà kan nínú lítà márùn-ún. Ṣé ó pọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ń ṣe é."

A kò dáhùn pé ó pọ̀, a kò dáhùn pé kò pọ̀. A mú ẹfun, a lọ sídìí pátákó.

Ìṣirò tí a ṣe

Kílò kan jẹ́ gíráàmù 1000. Bí ife kan bá gba ìdámẹ́rin lítà, lítà 5 yóò kún ife 20. Ẹ pín 1000 sí ọ̀nà 20. Ó jẹ́ 50. Gíráàmù 50 ṣúgà ló wà nínú ife kan.

Ṣùgbọ́n kí ni gíráàmù 50? Nọ́ńbà nìkan kò yé ènìyàn. Mo bá mú páálí ṣúgà onígun jáde. Kóró kan tó nǹkan bíi gíráàmù 5. Mo ka kóró mẹ́wàá sínú ife òfìfo kan lójú gbogbo kíláàsì: ení, èjì, ẹ̀ta, títí ó fi pé ẹ̀wá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn pariwo pé: "Èmi tí mo ń fi kóró méjì mu kọfí, tí ọmọ mi ń bá mi jà lójoojúmọ́!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ni ọ̀rọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí wọ́n ń pè ní OMS, kọ ìmọ̀ràn kan jáde. Wọ́n ní kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ nínú oúnjẹ àti ohun mímu má ju nǹkan bíi gíráàmù 50 lọ lóòjọ́. Wọ́n ní bó bá mọ sí 25, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó. Ife kan ṣoṣo ti jẹ gbogbo ti ọjọ́ náà tán, kí a tó dé orí búrẹ́dì, kí a tó dé orí àkàrà òyìnbó. Bàbá mu mẹ́ta. 50 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 150. Ọgbọ̀n kóró nìyẹn, fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ṣúgà tó dúró nínú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró lásán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ojú jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, tí egbò ẹsẹ̀ kò fi ní tètè jinná. Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ohun dídùn púpọ̀ lójoojúmọ́ ń ba eyín ọmọdé jẹ́, ó ń mú àgbà sanra jù, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ.

Kí ló dé tí a fi ń da ṣúgà púpọ̀ sí i?

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ kí a tó dá ìkòkò sórí iná. Ìṣápá kan, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn ìyá wa sì fẹ́ kí bísápù ọdún pupa kó jọjú, kí àlejò lè mọ̀ pé wọ́n náwó. Wọ́n á da ìṣápá púpọ̀ sínú omi díẹ̀, wọ́n á sè é títí. Á pupa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n á kan gógó. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá máa fi ṣúgà bá kíkan náà jà, ife kan, ife kejì, ó di odidi kílò.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dín ṣúgà kù, ìṣápá ni kó kọ́kọ́ dín kù. Bí a bá dín ṣúgà nìkan kù, tí a kò dín ìṣápá kù, kíkan la máa gbé fún àlejò. Àlejò á fajú ro, wọ́n á ní ìyàwó ilé yìí láhun. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má sì bẹ̀rù pé kò ní pupa. Àwọ̀ inú ìṣápá lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ìkúnwọ́ díẹ̀ ti tó pọ́n odidi korobá omi. Ẹni tó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i á rí i pé pupa rẹ̀ tún mọ́lẹ̀ sí i. Ọṣẹ ni kì í bá a rẹ́. Ẹ wo aṣọ funfun tí bísápù dà sí. Bí ẹ bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ojú ibẹ̀ á yí padà, á dà bí aró. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa wò ó.

Ohun mìíràn tún ni pé ohun mímu tó tutù bíi yìnyín kì í dùn lẹ́nu tó èyí tó tutù níwọ̀nba. Bí bísápù yín bá tutù jù, ẹ ó rò pé ṣúgà rẹ̀ kò tó.

Ohun tí a nílò fún lítà márùn-ún

Ìṣápá pupa gbígbẹ, gíráàmù 100. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ife olóódámẹ́rin lítà méjì àti ààbọ̀ ni, ẹ má kì í mọ́lẹ̀.
Omi, lítà 4 àti ààbọ̀.
Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá méjì tó pọ́n. Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó lítà kan. Bí kò bá tó, ẹ mú ìkẹta.
Ata ilẹ̀ tútù, tó ìka ọwọ́ méjì.
Kànáfùrù, kóró márùn-ún.
Ewé míǹtì, ìdì kan.
Ṣúgà, gíráàmù 200. Ife kan ni, kó má kún dé ẹnu.

Gbogbo rẹ̀ wà ní ọjà Arzèkè. Ẹ kọ iye tí ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yín, a ó lò ó níparí. Bí ẹ bá ń ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ má fi àwọ̀ nìkan yàn án. Irú tó ń ti apá Allada wá, èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre, lè pọ́n tán kí ara rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bó bá ń ta sánsán, ó ti tó.

Bí a ṣe ń sè é

Ẹ kọ́kọ́ ṣa ìṣápá náà. Iyanrìn, igi wẹ́wẹ́ àti kòkòrò máa ń wà nínú rẹ̀, nítorí orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sá a sí. Ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, kí ẹ má rẹ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á bá omi lọ.

Ẹ fọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó dáadáa kí ẹ tó bó o. Ẹ má da èèpo rẹ̀ nù. Èèpo náà, ata ilẹ̀ tí ẹ ti gún àti kànáfùrù ni ẹ máa dà sínú omi, kí ẹ gbé e sórí iná. Òórùn èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó á jẹ́ kí ahọ́n rò pé dídùn ti wà níbẹ̀ kí ṣúgà tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá da ìṣápá sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ da ewé míǹtì tí ẹ ti fọ̀ sí i, kí ẹ dé e. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ààbọ̀ wákàtí.

Irú ìkòkò wo ni ká lò? Ìkòkò tánganran tí kò tíì bó, tàbí irin tí kì í dógùn-ún. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi àlòkù irin rọ. Ohun kíkan bíi bísápù máa ń fa ohun tó wà lára irin náà jáde. Òjé sì lè wà nínú rẹ̀. Òjé kò dára fún ọpọlọ ọmọdé. Bákan náà, ẹ má da bísápù gbígbóná sínú korobá ọ̀dà tàbí ìgò rọ́bà. Kó tutù ná.

Bó bá tutù, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ tàbí asẹ́ kékeré sẹ́ ẹ. Ẹ lọ ẹran ọ̀pẹ̀ òyìnbó tàbí kí ẹ gún un nínú odó tó mọ́, ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Ṣúgà ló kẹ́yìn. Ẹ da ìdajì sí i, ẹ rò ó, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ tún da díẹ̀ sí i, ẹ tún tọ́ ọ wò. Bó bá ti dùn mọ́ yín lẹ́nu kí 200 tó tán, ẹ dáwọ́ dúró. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ife, tiyín ni.

Bó bá jẹ́ àsìkò ọsàn, tí ọ̀pẹ̀ òyìnbó wọ́n, omi ọsàn lítà kan lè rọ́pò rẹ̀.

Omi àti yìnyín

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń se bísápù kó hó dáadáa, àmọ́ nígbà tí àlejò bá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, wọ́n á fa omi kànga, wọ́n á dà á sí i kó lè kárí. Gbogbo iná tí wọ́n dá ti di asán. Omi tí kò hó lè ní kòkòrò onígbáméjì àti ti ìgbẹ́ gbuuru nínú. Ẹ se omi àfikún sílẹ̀ láti àárọ̀, kí ẹ dé e, kó máa tutù. Yìnyín náà ńkọ́? Òtútù kì í pa kòkòrò àrùn. Bí omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín bá dọ̀tí, yìnyín náà dọ̀tí. Ẹni tí kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín, kó má jù ú sínú ohun mímu. Kó to ìgò bísápù yí i ká nínú agbada, yóò tutù bákan náà.

Bísápù tí kò sí nínú fíríìjì kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó wà nínú fíríìjì lè dé ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ti ń hó láìsí iná, ó ti bàjẹ́.

Àwọn tó ń da sódábì sí i

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń po bísápù mọ́ sódábì lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n ń pè é ní kọkitéèlì. Kì í ṣe tiwa nìkan. Láti Áfíríkà ni ìṣápá ti bá àwọn ẹrú sọdá òkun, àwọn bíi ti wa tí wọ́n kó gba etíkun Ouidah lọ. Ní 1707 wọ́n ti ń gbìn ín ní erékùṣù Jàmáíkà. Títí dòní, ohun mímu Kérésìmesì ni lọ́dọ̀ wọn: ìṣápá pupa, ata ilẹ̀, ṣúgà, àti ọtí líle tí wọ́n fi ìrèké ṣe. Bí ẹ bá gbé tiwa fún ará Jàmáíkà, kò ní bi yín pé kí ni.

Ṣùgbọ́n ọtí inú bísápù kì í fi ojú hàn. Pupa bò ó, dídùn bò ó. Ọmọdé lè gbé ife ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu. Aláboyún lè mu ún láìmọ̀. Mùsùlùmí lè gbà á lọ́wọ́ yín tọkàntọkàn. Ọtí tí a kò mọ orísun rẹ̀ tún burú jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn mu ògógóró tí oró tí wọ́n ń pè ní mẹtánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀. Ojú àwọn kan fọ́, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará ìlú rò pé àwọn òrìṣà ló ń bínú. Nílé tèmi, ata ilẹ̀ púpọ̀ ni a fi ń rọ́pò sódábì. Ó ń jó ọ̀fun bákan náà, orí kì í sì í fọ́ni lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ní ṣúgà tirẹ̀. Nínú lítà kan omi rẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 120 wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́ nínú ìṣirò wa: 200 àti 120 jẹ́ 320. Ẹ pín in sí ife 20. Gíráàmù 16 ni nínú ife kan. Èyí tí a ń ṣe tẹ́lẹ̀ jẹ́ 50.

Ó dára, ṣùgbọ́n 16 ṣì pọ̀ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sẹ́ ẹ tán, kí ẹ tó da omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ṣúgà sí i. Ata ilẹ̀, kànáfùrù àti míǹtì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe omi lásán. Ẹ wá gbé e fún un nínú ife tó dára, bíi ti àwọn yòókù, kó má dà bíi pé a fi ìyà jẹ ẹ́.

Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru díẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń mu omi ìṣápá ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wálẹ̀ díẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣúgà kò sí nínú tiwọn. Ẹ má sì torí ẹ̀ ju oògùn ilé ìwòsàn nù. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ń mu bísápù, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa wálẹ̀ jù. Aláboyún náà, kó bi agbẹ̀bí léèrè kó tó máa mu ún lójoojúmọ́.

Iléyá ló tẹ̀lé ìsọmọlórúkọ yẹn. Ìyá náà se lítà 15, ó ní òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun dín nǹkan kan kù. Ó bu ti bàbá sọ́tọ̀. Àwọn àlejò mu ún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan ló béèrè pé ṣé ṣúgà wọ́n lọ́jà ni. Àwọn obìnrin yòókù ń bi í pé kí ló fi sí i tó ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Bàbá mu ife kan, ó wojú ìyá náà, ó ní: "Ìyàwó, èyí kan o." Ó sì mu ún tán.

Ẹ dáhùn nínú ìwé yín

1. Ìyá kan fi kílò ṣúgà méjì se lítà 8. Ife mélòó ni yóò kún? Gíráàmù ṣúgà mélòó ló wà nínú ife kọ̀ọ̀kan? Kóró mélòó nìyẹn?
2. Ẹ fẹ́ se lítà 15 bíi ti inú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ nílò.
3. Ẹ lo iye owó tí ẹ kọ láti ọjà. Èló ni lítà 5 ná yín? Èló ni ife kan? Ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún bísápù oníkílò kan. Èwo ló wọ́n jù?
4. Nínú ilé yín, ta ni kò yẹ kó mu bísápù dídùn? Ẹ kọ gbólóhùn kan tí ẹ lè sọ fún un nígbà tí ẹ bá ń gbé ife tirẹ̀ fún un lójú àlejò.